Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, Alhaji Yaqub dúró níwájú ìsọ̀ Tàjùdéèn, wọ́n há rédíò kékeré kan sí abíyá, wọ́n sì ní kí ó yá àwọn ní sukudiráfà. Tàjùdéèn ní kí wọ́n jókòó kí òun bá wọn ṣe é. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ jókòó ṣe. Wọ́n tú ìdè kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn rédíò náà, wọ́n yọ bátìrì méjì tó ti kú, wọ́n ki méjì tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n dé e padà. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n dá sukudiráfà padà, wọ́n ní, "Ó parí," wọ́n sì gba ọ̀nà ìsọ̀ ẹlẹ́ran lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tàjùdéèn kò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa kúrò lára fóònù tó ń tún ṣe. Ta ni í mọ ìgbà tí òun ń rí ènìyàn kẹ́yìn? Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji Yaqub jókòó sórí àga nínú ilé wọn ní Walworth, wọn kò sì dìde mọ́.

Ọdún méjìlá ni Alhaji fi ṣe alága àwọn oníṣòwò inú àkéèdì kan, ọjà abẹ́ òrùlé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ọdún méjìlá yẹn, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí òrùlé bá ń jò, wọ́n á pe ẹni tó ni ilé. Bí ẹni méjì bá ń jà lórí àyè, wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì sún díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ pé ìṣàkóso ni wọ́n ń pe ìyẹn. Wọ́n rò pé bí ayé ṣe máa ń rí ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni àga bọ́ sọ́wọ́ Olúbáyọ̀ Adédèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yìí, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àyè lè má sí mọ́. Kọ́tìnì ló ń tà, ó sì mọ̀ ọ́n tà. Bí ó bá wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kì í ṣì í. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́tìnì ni wọ́n fi jẹ ẹ́ lóyè, ìtàn yìí kì bá tí wáyé. Ṣùgbọ́n orí àga ni wọ́n gbé e lé, àga kò sì ní ìwọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Alága. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di Alága Àgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé kan dé sórí fóònù rẹ̀ láti yunifásítì kan ní erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí àwòrán ayé, ó sì di Dókítà. Kí oṣù tó parí, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ fún un pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dí, àfi kí ó kọ́kọ́ wí pé, "Ọlọ́lá Jùlọ, Olóyè Dókítà Olúbáyọ̀ Adédèjì, Alága Àgbà àti Baba Ìṣòwò ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù." Kí onítọ̀hún tó kì í tán, omi á ti dé ìsọ̀ aláṣọ.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ló fi ṣe ọ́fíìsì, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀pá ìnulẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Àjà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè wọlé láìtẹríba, Alága sì ń ka ìyẹn sí ọ̀wọ̀. Ó ra ẹ̀wọ̀n aláwọ̀ wúrà kan, irú èyí tí àwọn olórí ìlú òyìnbó ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ gbogbo ni tirẹ̀. Ó sì ní Gilbert.

Gilbert ń ta àpò ìrìnnà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìpolongo ni wọ́n fi ṣe nínú ìjọba tuntun yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wúkọ́. Bí Alága bá ti ń bọ̀, Gilbert á ṣáájú, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé á dákẹ́, nígbà náà ni Alága á tó la ẹnu. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí Gilbert ń rí jẹ níbẹ̀. Lójú tèmi, ó kàn fẹ́ràn kí òun wà nítòsí ohun tó ń dán ni.

Nísinsìnyí, àṣà kan wà tó bá àwa Yorùbá sọdá òkun. Bí a bá ṣe ìnáwó, a kì í jẹ́ kí àlejò padà lọ lọ́wọ́ òfo. A ó fún un ní abọ́, tàbí tówẹ̀lì, tàbí garawa, tí a tẹ orúkọ àti ojú wa sí. Èèwọ̀ sì so mọ́ ọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ojú ẹni tó wà láàyè kì í wọ inú ìdọ̀tí. Nítorí náà, ilé Yorùbá wo ló wà ní Peckham tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ojú ènìyàn kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń wo ara wọn nínú òkùnkùn?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Alága joyè, ní ìparí oṣù Kẹrin, ó ní abọ́ kéré sí òun. Àtùpà ló rà, igba àti àádọ́ta, àtùpà oníbátìrì abẹ́nú tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri kí ó lè mu iná. Ojú Alága ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, iná sì ń tàn jáde láti ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Àtùpà náà kò ní ìdè kankan lára. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa yípo, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ sì gba àárín ojú náà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí bátìrì, àfi kí ó la Alága lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ayẹyẹ, Àṣẹ Kìíní jáde: kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé Alága kọ́ síwájú, kí ó so ó mọ́ iná láti ìgbà tí ó bá ṣí títí di ìgbà tí ó bá tì, kí àwọn oníbàárà lè mọ ẹni tó ń tàn fún wọn. Ó kọ gbogbo oyè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó sì fi ìlà kan kún un pé, "lábẹ́ àṣẹ èmi nìkan, láìgba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ẹ fi ìlà yẹn sọ́kàn. Òun ló fẹ́ràn jù nínú ìwé náà.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà títí oṣù Kẹjọ, tí lẹ́tà kan dé láti káńsù, láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdọ̀tí. Lẹ́tà náà ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù Kejì ọdún 2027, òfin yóò sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá ra ọ̀pọ̀ ohun èlò oníbátìrì lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì fi tuntun rọ́pò, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè rí rà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò tíì sí níbí. Káńsù fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn oníṣòwò rò: ṣé ó yẹ kí ó wá? Òṣìṣẹ́ kan yóò wá gbọ́ tẹnu wọn ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án.

Inú Tàjùdéèn dùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kẹrìnlá, àwọn ènìyàn sì ń wá bá a láti Sydenham pàápàá. Gilbert bi í pé, Brọ̀dá Tàjù, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lórí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn fóònù, ẹ wá ń yọ̀ pé gọ́ọ̀mù fẹ́ kú? Tàjùdéèn dá a lóhùn pé iṣẹ́ tó wà nínú fóònù pọ̀ tó láti bọ́ ènìyàn láìfi ti gọ́ọ̀mù kún un. Ó na ìka rẹ̀ fún un, ó ní kí ó wo ibi tí ooru ti jó o. Ó ní àgbàlagbà obìnrin máa ń dúró níwájú òun bí ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, tí òun ń yọ́ gọ́ọ̀mù, nítorí bátìrì tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ.

Alága ní tirẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo. Ṣé òfin náà á kan àtùpà?

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó pe ìpàdé pàjáwìrì. Gilbert wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Alága dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ. Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe bátìrì. Wọ́n ń béèrè pé kí ọmọdé kan ki sukudiráfà bọ̀ mí nímú, kí ó yí i, kí n ṣí. Ẹ ti rí ọba tó ní ìdè lẹ́yìn rí? Ọlọ́run tó dá orí ènìyàn, ṣé ó fi ìlẹ̀kùn sí i? Ohun tó bá níyì, dídí ló máa ń dí. Ẹyin dí. Àgbọn dí. Èmi náà dí."

Ẹnì kan lẹ́yìn sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé à ń fọ́ ẹyin àti àgbọn kí a tó jẹ wọ́n ni. Wọ́n ní kí ó panu mọ́.

Àṣẹ Kejì jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: ẹnikẹ́ni nínú àkéèdì kò gbọdọ̀ ṣí ohun tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, pàápàá jùlọ ojú Alága. Láti ọjọ́ náà lọ, Tàjùdéèn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣí, jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ó ń nu gíláàsì fóònù.

Mọ́mì Àsúmáù tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kẹsàn-án ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró níwájú àtùpà tirẹ̀, ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé Alága ń sanra ni?"

Wọ́n wá wò ó. Lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti yọ síta, bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu tí kò lè gbé e mì. Wọ́n wo ti ìsọ̀ kejì. Ó ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ti ẹlẹ́ran. Tirẹ̀ ti ju ti Mọ́mì Àsúmáù lọ.

Gilbert sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Alága jáde tòun ti ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, ó dúró pẹ́ níwájú ara rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó fọwọ́ kan ti àtùpà. Ẹ̀rù ni ó yẹ kó bà á, ẹ̀yin òǹkàwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù tó lè wọlé sọ́dọ̀ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kì í.

Ó ní, "Ìjọba mi ti ń so."

Gilbert ní kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ó ní àwòrán ẹni tí ọlá rẹ̀ ń gbẹ, ṣíṣá ló máa ń ṣá. Ti Alága ń sanra. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti dá ìdíje sílẹ̀: ìsọ̀ tí Alága rẹ̀ bá sanra jù ni wọn yóò gbé àtùpà rẹ̀ hàn níwájú àlejò káńsù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná bọ́ ọ. Wọn kì í yọ wáyà mọ́ bí wọ́n bá ti ìsọ̀. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Alága fúnra rẹ̀ á gbé okùn tó fi ń wọn kọ́tìnì, á máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, á máa wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, Gilbert á sì máa kéde iye íǹṣì.

Tàjùdéèn nìkan ló yọ wáyà tirẹ̀. Ó mọ ohun tó ń wú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kì í mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mọ́kàndínlógún la inú alángbá á mọ̀ ọ́n. Ó tẹríba wọ abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Alága, gáàsì ló wà nínú wọn, sà. Bátìrì tó bá ń mu iná láìsinmi, inú rẹ̀ á bàjẹ́, á máa wú. Bó bá bẹ́, iná ni. Ẹ jẹ́ kí n la gbogbo wọn, kí n yọ ọ́."

Alága rẹ́rìn-ín. "Tàjù, mo mọ ohun tó ń dùn ẹ́. Ojú tìẹ ò wú."

"Kò wú, sà. A dúpẹ́."

"O fẹ́ fa afẹ́fẹ́ ara mi yọ. Èmi àti ẹ la jọ ń mu tíì lójú pópó níbí, o wá rí i pé mo ti ga, inú ń bí ẹ." Ó ti ìwé kan sí i lórí tábìlì. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé èmi, Tàjùdéèn, ọ̀gá nínú iṣẹ́ fóònù, jẹ́rìí pé bátìrì tí wọ́n dí pa ló dára jù láyé, pé kì í bàjẹ́, kì í sì í wú. "Ọjọ́bọ̀ tí àlejò bá dé, wàá kà á síta. Bí o ò bá kà á, lọ́jọ́ Ẹtì, ìsọ̀ kẹrìnlá á di ti ọmọbìnrin tó ń lẹ ìpéǹpéjú."

Kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Láti ayé Alhaji Yaqub ni ẹni tó ni ilé ti fi pípín ìsọ̀ sọ́wọ́ alága, nítorí pé kò fẹ́ wàhálà. Tàjùdéèn ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ìka rẹ̀ ti jó. Ta ni yóò gba irú rẹ̀ síṣẹ́? Yàtọ̀ sí ìsọ̀ náà, kò ní ibòmíràn tí àwọn ènìyàn lè wá a lọ, kí wọ́n ní ibí ni Tàjùdéèn wà.

Ó sọ ọ́ fún Hameedah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù. Hameedah ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ó sì wà láàárín ṣíìfù méjì. Ó ní, ẹ kàn kà á, Dádì, ìwé lásán ni, kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn nǹkan yẹn lè gbiná. Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Hameedah ní, "Kí lẹ wá fẹ́ kà á fún, Dádì?"

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, àlejò káńsù dé ní aago méjì gééré. Tọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n bí ní Sydenham, tí Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Wọ́n mú un lọ sí yàrá òkè. Ó rò pé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, ó mú kálámù jáde. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Gilbert tó parí kíkí àwọn èèyàn pàtàkì. Ó kí àwọn tó wà níjòókòó, ó kí àwọn tó wà lọ́nà, ó kí àwọn tí ì bá wá bí kì í bá ṣe pé rélùwéè Peckham Rye pẹ́. Ó kí àga tí Tọ́lá jókòó lé. Ẹnì kan tilẹ̀ rí i pé Tàjùdéèn gbé garawa iyanrìn kan wọlé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún rò pé ìwà àgbà ni.

Gilbert wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Alága sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní láti oṣù Karùn-ún ni òun ti ń tàn nínú àkéèdì yìí tọ̀sán tòru, kò sì sí ẹni tó ṣí òun, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Ẹ̀rí dà? Ó ṣẹ́wọ́. Gilbert gbé àtùpà tirẹ̀ wọlé lórí tìmùtìmù aláwọ̀ àlùkò, nítorí òun ló gba ipò kìíní, ó sì tún ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri. Alága inú àtùpà ti tóbi bí odindi búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ẹ̀rín rẹ̀ ti fẹ̀ dé etí.

Tọ́lá dìde, ó sì fà sẹ́yìn. "Uncle, please, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Alága yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wò ó, àwọn ará káńsù pàápàá mọ ohun tó ń jẹ́ ọlá. Ó ní kí Tàjùdéèn wá ka ẹ̀rí.

Tàjùdéèn dìde. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wo àwọn ènìyàn tó kún yàrá náà, Mọ́mì Àsúmáù, ẹlẹ́ran, gbogbo wọn, àti ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà jáde. Ó ṣẹ́ ìwé náà po sí méjì.

Ó ní, "Mi ò lè kà á. Irọ́ ni." Ó yíjú sí Tọ́lá. "Ọmọ mi, bátìrì tí a ò bá lè yọ, bó bá ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó lè tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òfin yẹn wá. Lára ṣíṣí nǹkan ni mo ti ń jẹun, èmi náà ni mo sì sọ ọ́."

Gilbert gbàgbé láti wúkọ́. Alága Àgbà dìde láìsí ìkéde. Ó ní, "Láti ìṣẹ́jú yìí lọ, ìsọ̀ kẹrìnlá," ó lu tábìlì, "kì í ṣe tìẹ mọ́," ó tún lù ú, "ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ!" Nígbà kẹta, kò lu tábìlì. Àtùpà ló lù.

Ojú náà là láti etí kan dé èkejì. Ẹnu Alága yà gbàgà, àpò bátìrì kan tó ní àwọ̀ fàdákà sì yọ jáde láàárín eyín, ó ń gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ahọ́n ọmọ tó ń yọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ń ké ṣìì. Òórùn bí ọ̀dà èékánná gba gbogbo ilé.

Tọ́lá ní, "Gbogbo yín, ẹ jáde. Ẹ fi àpò yín sílẹ̀." Láti ìgbà tí Alhaji Yaqub ti kú, òun ni ọ̀rọ̀ ìṣàkóso tó kúrú jù tí wọ́n gbọ́ nínú ilé náà, gbogbo wọn sì gbọ́ràn.

Tàjùdéèn fa wáyà yọ, ó fi tìmùtìmù náà gba àtùpà sínú garawa, ó da iyanrìn lé e lórí. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá ẹ̀yìn. Ó ń rìn kíákíá ṣùgbọ́n kò sáré, ó na apá rẹ̀ síwájú, èéfín sì ń yọ láti inú iyanrìn. Níbẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ sí, ó sì fà sẹ́yìn. Ìgbà náà ló tó rántí pé òun kò ní ìsọ̀ mọ́.

Àwọn panápaná dé. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ń kó àwọn àtùpà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò wọ́n sórí iyanrìn ní àgbàlá. Àwọn tó ń kọjá ní Rye Lane dúró, wọ́n ń na ọrùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú dùbúlẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ojú ọ̀run, omíràn sanra, omíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sanra. Panápaná kan gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó, ó wo Alága, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ìbátan ni wọ́n.

Tọ́lá béèrè ẹni tó ní kí wọ́n fi wọ́n sínú iná tọ̀sán tòru. Àwọn ènìyàn wolẹ̀. Alága ní kò sí ẹni tó pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló mú àwọn ènìyàn òun ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ó yè é. Lóòótọ́, ó ku díẹ̀ kó yè é. Ṣùgbọ́n Gilbert ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "àṣẹ," ìfẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì ru sókè nínú rẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọ ìwé mẹ́ta jáde láti àpò àyà, ó sì kà wọ́n ketekete: Àṣẹ Kìíní, Àṣẹ Kejì, àti Òfin Ìdíje. Ó ka gbogbo oyè, ó fi òǹtẹ̀ hàn wọ́n. Nígbà tó dé "lábẹ́ àṣẹ èmi nìkan, láìgba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ó gbé ohùn sókè, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀gá òun fẹ́ràn jù. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ti Alága, ẹnu Gilbert ni wọ́n fi ṣe é, Gilbert sì rò pé òun ń kì í ni.

Lẹ́tà ẹni tó ni ilé dé ní ọjọ́ kẹta. Ìlà mẹ́rin ni. Ó gba pípín ìsọ̀ padà lọ́wọ́ alága, ó sì ní kí gbogbo oníṣòwò wà ní ipò tí wọ́n wà kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. "Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì" ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Wọ́n ní ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn, bóyá àwọn oyè yòókù wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ó fi àádọ́ta ìṣẹ́jú gbèjà ara rẹ̀. Ó ní gáàsì wà nínú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Alága sọ̀ kalẹ̀ nawọ́, ọwọ́ Gilbert wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ. Mọ́mì Àsúmáù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọ̀pá ìnulẹ̀ padà sábẹ́ àtẹ̀gùn, kí Tàjùdéèn máa ṣí ohun tó bá fẹ́ ṣí, kí ẹnikẹ́ni má gbé ojú òun sí orí ohunkóhun. Ó jókòó.

Ó ku àwọn àtùpà. Káńsù kó bátìrì wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò láti kó dà nù, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é. Ojú ẹni tó wà láàyè ni. Wọ́n wà ní àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ kan, òjò ń pa wọ́n. Nígbà tó yá, Olúbáyọ̀ mú àpò kọ́tìnì wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó kó ara rẹ̀ sínú wọn ní méjì méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ. Tàjùdéèn rí i tó ń kọjá nígbà kẹta, tí èémí rẹ̀ ń já. Ó dìde, ó bá a di ẹnu àpò náà mú lápá kan, wọ́n jọ gbé e dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì dé. Olúbáyọ̀ ní, "O ṣé, Tàjù." Tàjùdéèn ní, "Kò tó ọpẹ́, Brọ̀dá Báyọ̀." Kò pè é ní nǹkan mìíràn, Olúbáyọ̀ sì jẹ́ ẹ.

Òfin náà kò tíì dé ibí. Ìwé àwọn oníṣòwò ti lọ sí káńsù, ìlà mẹ́fà, Mọ́mì Àsúmáù fọwọ́ sí i, Tàjùdéèn náà fọwọ́ sí i. Wọ́n ń retí èsì. Ìsọ̀ kẹrìnlá ṣì jẹ́ ti Tàjùdéèn. Ó ń ṣí i ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ń fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù lẹ́yìn fóònù, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ni wọ́n sì ń dúró dè é.